Wáráńtì ọkọ̀ àti àyípadà tí wọ́n bá ṣe sí i lára

Wáráńtì ọkọ̀ jẹ́ àdéhùn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá olùrà ṣe pé òun yóò tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá jẹ́ pé àbùkù iṣẹ́ tàbí ti ohun èlò ló fà á. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Páàdì bíréèkì, wáípà àti fíltà kì í sábà sí lábẹ́ rẹ̀, nítorí lílò ló ń jẹ wọ́n tán. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó jẹ́ tòkunbọ̀ tí wáráńtì wọn ti tán kí wọ́n tó wọ̀lú. Ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Àyípadà ni ohunkóhun tí wọ́n fi kún ọkọ̀, tí wọ́n yọ kúrò, tàbí tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí mẹkáníìkì ìta bá ti fọwọ́ kan ọkọ̀ pẹ́rẹ́n, wáráńtì ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe kókó ni bóyá àyípadà náà ló fa ìbàjẹ́ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti 1975 kò gbà kí ilé iṣẹ́ kọ àtúnṣe kìkì nítorí pé wọ́n lo páàtì ilé iṣẹ́ mìíràn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé páàtì yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ní Nàìjíríà, ohun tí ìwé wáráńtì wí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018 sì wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá ta ọjà tí kò dára fún.

Iná iwájú fi èyí hàn kedere. Gílóòbù 55 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì ń fa bíi 4.6 áńpì. Bí rẹ́wáyà bá fi ti 100 wáàtì rọ́pò rẹ̀ nítorí òkùnkùn ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ó di bíi 8.3 áńpì nínú wáyà tí wọn kò ṣe fún un. Sọ́kẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ pọ́n, á wá yọ́. Fíúsì á jó. Ẹnì kan á fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀, láti ìgbà náà wáyà ni yóò máa jó dípò fíúsì. Ilé iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà àti súwíìṣì iná yẹn ṣe, àwáwí wọn á sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gíá bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ iná kò kàn án.

Àwọn tó ń wọ oko kòkó lágbègbè Ìdànrè máa ń gbé ọkọ̀ sókè: wọ́n á ki irin sábẹ́ sípíríǹgì, wọ́n á wọ táyà ńlá. Ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú á tẹ̀ kọjá bó ti yẹ. Rọ́bà tó bo jọ́ìńtì rẹ̀ á ya, gírísì á tú dànù, iyanrìn á wọlé, ọkọ̀ á sì máa ró ká-ká-ká bó bá ń yí kọ́nà. Jọ́ìńtì àti bẹ́ríǹ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ wáráńtì.

Bréènbọ́ọ̀sì ló léwu jù, nítorí òun ni kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì àti gíá pọ̀. Bí wọ́n bá yí ètò inú rẹ̀ padà kí ọkọ̀ lè lágbára sí i, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ lè rí i pé nọ́ńbà ètò náà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Lára ọkọ̀ mìíràn, dídá a padà kò ní pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Yíyọ thermostat, ìyẹn fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, nítorí ooru jẹ́ àṣà mẹkáníìkì tó yẹ kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Ní nǹkan bíi 82 sí 90 ìwọ̀n Celsius ló máa ń ṣí. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, bréènbọ́ọ̀sì á máa da epo sí i, epo á fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, kóòdù P0128, tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, á sì jáde. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ fáànù tàbí páḿpù omi tó wà lábẹ́ wáráńtì ló fa ooru náà.

Ní ti CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ tí ọkọ̀ ń lò dípò epo, tó gbilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, kí onímọ́tò gba ìyọ̀ǹda ilé iṣẹ́ lákọsílẹ̀ kí wọ́n tó so ó. Gáàsì gbẹ ju epo lọ, ó sì lè tètè jẹ ìjókòó fáàfù.

Kí wọ́n tó fi ohunkóhun kún ọkọ̀, ojú ìwé tó sọ ohun tí wáráńtì kò bò ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Rísíìtì, àkọsílẹ̀ ọ́ìlì tí wọ́n pààrọ̀ àti páàtì àtilẹ̀wá yẹ ní fífi pamọ́. Kí rẹ́wáyà má gé wáyà ọkọ̀. Kó fi rílè (súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá) àti fíúsì ọ̀tọ̀ so iná tuntun. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kí mẹkáníìkì ìta má tú u kí ilé iṣẹ́ tó rí i, nítorí ẹ̀rí á ti dàrú. Bí ilé iṣẹ́ bá sì kọ̀ láti tún un ṣe, kó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé: páàtì wo, àti bí ó ṣe fa ìbàjẹ́ náà. Ìwé yẹn ni onímọ́tò yóò mú lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.