Ẹ̀kán Òjò

Ẹ̀kán òjò ni omi róbótó tó ń já bọ́ láti inú ìkùukùu. Èyí tó kéré jù nínú wọn máa ń fẹ̀ tó ìdajì mílímítà. Ohun tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, òjò wínníwínní ni. Èyí tó tóbi jù kì í sábà ju mílímítà 5 tàbí 6 lọ, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí omi tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dúró lódidi.

Bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Oòrùn ló ń fa omi sókè láti ojú òkun, odò, ilẹ̀ tútù àti ara ewé. Omi tó bá ti wọnú afẹ́fẹ́ báyìí ti di ọ̀rinrin tí ojú kò lè rí. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ń gòkè, yálà ilẹ̀ gbígbóná ló mú un gbóná tó fi fúyẹ́, tàbí ó lọ kọlu òkè, tàbí afẹ́fẹ́ tútù wọ abẹ́ rẹ̀, ṣe ni á máa tutù sí i. Tó bá tutù dé ìwọ̀n kan, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà di omi.

Àmọ́ kì í dédé di omi lójú òfuurufú. Ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mọ́: eruku, iyọ̀ tí ìgbì òkun ta sókè, èéfín igbó tó ń jó. Ní nǹkan bí ọdún 1880, John Aitken, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Scotland, fi èyí hàn kedere. Ó tú ooru omi tó ń hó sínú ìgò ńlá méjì. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú ọ̀kan. Ti ìkejì, ó ti fi òwú sẹ́ ẹ kí eruku má bàa bá a wọlé. Kùrukùru funfun kún ìgò àkọ́kọ́, ìkejì sì mọ́ gaara.

Bí ó ṣe ń tóbi

Omi tó kọ́kọ́ dì mọ́ eruku báyìí kéré débi pé kò fẹ̀ ju nǹkan bíi 0.02 mílímítà lọ. Bó ṣe fúyẹ́ tó, kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ tó ń rọra wá sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, atẹ́gùn díẹ̀ tó ń fẹ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ sì ti tó láti gbé e padà. Ìdí nìyẹn tí ìkùukùu fi lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìrọ òjò kankan. Kí ẹ̀kán òjò kan tó fẹ̀ tó mílímítà 2, irú omi tín-ín-tìn-ín yìí bíi mílíọ̀nù 1 gbọ́dọ̀ para pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń para pọ̀ gan-an ló fún àwọn onímọ̀ ní iṣẹ́ ṣe.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò ṣòro. Nínú ìkùukùu tí kò ga dé ibi tí omi ti ń di yìnyín, irú èyí tó wọ́pọ̀ lórí òkun ilẹ̀ olóoru, àwọn tó tóbi díẹ̀ máa ń yára wálẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, wọ́n á máa kọlu àwọn tó wà lọ́nà, wọ́n á sì máa gbé wọn mì.

Ìkejì ta kókó díẹ̀. Omi inú ìkùukùu kì í di yìnyín dandan nígbà tó bá tutù dé 0°C. Tí kò bá rí ohun tó yẹ dì mọ́, ó lè wà ní omi títí di nǹkan bíi -38°C. Omi àti hóró yìnyín lè tipa bẹ́ẹ̀ wà nínú ìkùukùu kan náà, yìnyín á sì máa gba ọ̀rinrin mọ́ omi lọ́wọ́: omi ń gbẹ, yìnyín ń sanra. Alfred Wegener, ọmọ Jámánì, ti sọ nípa èyí ní ọdún 1911, ṣùgbọ́n Tor Bergeron, ọmọ Sweden, ló so ó mọ́ òjò. Nínú igbó kan lórí òkè nítòsí Oslo, ní ọdún 1922, ó kíyè sí i pé lọ́jọ́ tí òtútù bá mú gan-an, kùrukùru kì í wọ àárín igi dé ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá tutù tó bẹ́ẹ̀, ó ń dé ilẹ̀. Yìnyín tó bo ẹ̀ka igi ló ń fa ọ̀rinrin náà gbẹ. Ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, yìnyín ni ọ̀pọ̀ òjò kọ́kọ́ jẹ́, àní nígbà ooru pàápàá. Ojú ọ̀nà ló ti yọ́.

Ìrísí àti eré rẹ̀

Àwòrán omijé tó ní ṣóńṣó lórí, tí wọ́n ń yà kiri, kò bá ẹ̀kán òjò mu rárá. Èyí tí kò bá ju mílímítà 2 lọ máa ń rí róbótó. Tó bá ti ń tóbi sí i, afẹ́fẹ́ tó ń ta kò ó á tẹ ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ, á wá rí bíi búrẹ́dì kékeré. Tó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á wú àárín rẹ̀ sókè, á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń dín eré rẹ̀ kù. Ẹ̀kán tó fẹ̀ tó ìdajì mílímítà ń já ní nǹkan bíi mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó tó mílímítà 5 ń já ní bíi mítà 9. Ká ní kò sí afẹ́fẹ́ ni, èyí tó já láti kìlómítà 2 lókè ì bá máa sá eré tó lé ní kìlómítà 700 ní wákàtí kan nígbà tó bá fi máa balẹ̀. Bóyá ni ewé ì bá kù lórí igi. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀kán ló ń dé ilẹ̀: níbi tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá ti gbẹ, òjò lè gbẹ tán kó tó balẹ̀.

Wíwọn ẹ̀kán

Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Vermont ní Amẹ́ríkà, wọn ẹ̀kán òjò pẹ̀lú ìyẹ̀fun. Ó tẹ́ ìyẹ̀fun kúnná sínú páànù, ó gbé e síta fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, ó sì gbé e wọlé. Ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí á di kóró ìyẹ̀fun kan. Tó bá gbẹ, ó ń wọn ìbú rẹ̀. Ọdún 1904 ló tẹ àbájáde rẹ̀ jáde.

Lóde òní, rédà ojú ọjọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wo òjò láti òkèèrè, máa ń ta ìgbì méjì, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òòró. Ẹ̀kán ńlá tí ìdí rẹ̀ ti tẹ́ máa ń dá ti ìbú padà ju ti òòró lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀kán náà ṣe tóbi tó, òun náà sì ni wọ́n fi ń dá òjò mọ̀ yàtọ̀ sí yìnyín.