Ẹ kọ́kọ́ kọ èèwọ̀

Ojú ìwé 41 ni mo kọ nípa àwọn òrìṣà inú ayé àkọ́kọ́ tí mo dá sílẹ̀ fún géèmù. Mo kọ ẹni tó bí ta, mo kọ ẹni tó gba ìyàwó ta, mo tiẹ̀ ya àwòrán ọ̀run alájà méje. Ní Sátidé tí a jókòó tì í ní pálọ̀ mi ní Kubwa, kò tíì tó ìṣẹ́jú 10 tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta á fi bi mí nínú eré pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi tí àwọn adigunjalè pa yìí, ibo ló wà báyìí? Ṣé mo lè rí i?" Mo ṣí ìwé mi síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, géèmù yìí kì í ṣe ti fóònù. Ẹnu la fi ń ta á. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí tábìlì ká, oníkálukú á di ẹlòmíràn, ọdẹ ni o, oníṣòwò ni o. Adarí á máa sọ ohun tó wà níwájú wọn, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á sì dá a lẹ́jọ́. Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ni bàbá gbogbo wọn. Dáìsì rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní ojú 20, kì í ṣe 6 bíi ti lúdò. Ọ̀run rẹ̀ tó lókìkí jẹ́ ilẹ̀ 16 tó yí ọ̀kan tó wà láàárín ká, ìwà tí èèyàn hù láyé ló sì ń sọ èyí tó máa lọ. Ẹni tó mọ Odù á rẹ́rìn-ín sí 16 yẹn. Ó kéré tán, ó dáhùn ìbéèrè tí èmi ò lè dáhùn.

Ọ̀nà tí mò ń gbà dá ayé eré sílẹ̀ báyìí, àwọn àgbà wa ló ti là á. Ọbàtálá gbaṣẹ́ pé kó lọ dá ilẹ̀, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, ó sùn lọ. Odùduwà gba ẹrù náà, ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí Ifẹ̀, ó da yẹ̀pẹ̀ sójú omi, adìyẹ tó ní ìka ẹsẹ̀ márùn-ún sì tàn án káàkiri. Ẹ lè gbàgbé gbogbo ìyẹn. Títí dòní, olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ẹ gbé e síwájú rẹ̀ níbi ìnáwó, á kọ̀ ọ́, ìtàn ìṣẹ̀dá ayé sì ti dé orí tábìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ka ìwé kankan.

Nítorí náà, ẹ kọ èèwọ̀ ná. Kí ni wọn kì í jẹ? Kí ni wọn kì í pè lálẹ́? Ta ni kì í gba ọ̀nà odò kọjá? Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá ìtàn tó bí i. Ìtàn òrìṣà tí kò bá fi èèwọ̀ kankan lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fà á ya. Èèwọ̀ mẹ́ta péré tó fún eré oṣù kan. Ó tún bá àwa tí a wà l'Ábújá mu: Mùsùlùmí méjì àti Kìrìsìtẹ́nì mẹ́ta ló ń jókòó sí tábìlì mi, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ bọ òrìṣà, ìbáà ṣe nínú eré. Èèwọ̀ ò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀.

Ẹ má sì kó ohun onílé wọ inú eré bó ṣe wà. Àpáta Zuma tí à ń rí ní Madalla tí a bá ń lọ sí Kàdúná, tó dà bíi pé ó ní ojú èèyàn, ti dán mi wò lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n àwọn Gbagyi ló ni ìtàn rẹ̀. Àpáta tèmi ò ní ojú, etí ló ní. Èèwọ̀ ni kí èèyàn purọ́ níbi tó ti lè gbọ́ ọ. Ta ló wá fẹ́ ná ọjà níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ọjà ìlú náà fi wà ní máìlì mẹ́ta sí i.

Ní ti àbúrò tó kú, àkúdàáyà ni mo gbà lò. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé tó kú á lọ máa gbé nílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́yàwó, á bímọ, á máa ṣòwò, títí ará ilé á fi já a. Nínú àwọn tí mo gbọ́ dàgbà, òkè Ọya tí a wà yìí gan-an ni wọ́n máa ń wà. (Ẹ fura sí aládùúgbò yín.) Mo sọ ọ́ di òfin: bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ó pòórá nìyẹn. Òfin kan ṣoṣo yìí ti bímọ rẹpẹtẹ. Ní ọjà ọ̀nà jíjìn, wọn kì í bi àlejò lórúkọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń tàwìn. Olè tó sá kúrò nílé á máa ṣe bí òkú kí wọ́n má baà pè é.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹni tó béèrè àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mi dé irú ọjà bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jókòó sẹ́yìn àlùbọ́sà, ó ti sanra díẹ̀, ọmọ kékeré kan dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ṣé wàá pè é?" Dáìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jù ú. Iná lọ, kò sẹ́ni tó dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ó ní, "Ẹ bá mi ra àlùbọ́sà igbá méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gba ṣéńjì."