Bí ọmọ òṣèré ṣe ń ti orí ìtàgé bọ́ sínú sinimá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Tí ojú tuntun bá yọ nínú sinimá ńlá, tí wọ́n ní ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, ohun táwọn èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé orí ẹ̀ gbé e. Orí gbé e lóòótọ́ o, àmọ́ ẹni tó jọ pé àná ló dé yẹn lè ti lo ọdún mẹ́wàá lórí ìtàgé kí kámẹ́rà tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo John Boyega. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1992, ọmọ Yorùbá làwọn òbí ẹ̀, Adégbóyèga lorúkọ ìdílé wọn gan-an kó tó gé e kúrú. Ọmọ ọdún 9 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Theatre Peckham, tíátà àdúgbò lásán, ó wà níbẹ̀ títí ó fi pé 14, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Identity School of Acting tí Femi Oguns dá sílẹ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ di ẹni táyé mọ̀, Attack the Block, 2011 ló jáde. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

Ọmọ tó ṣì wà níléèwé ò kàn lè gun orí ìtàgé kó máa gbowó. Àwọn tó ń gbé eré jáde ló máa lọ tọrọ láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ káńsù àdúgbò tí ọmọ náà ń gbé. Ní England, ọmọ tó ti pé ọdún 9 ò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí 9 àbọ̀ lọ níbi iṣẹ́ lóòjọ́, nínú ẹ̀, eré gangan ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 5 lọ, aago 11 alẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ bá a níbẹ̀. Tí òbí tàbí tíṣà ẹ̀ ò bá sí nítòsí, àgbàlagbà tí káńsù fọwọ́ sí ló máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹni yẹn ló sì lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ó ti rẹ ọmọ yìí, kí dáírẹ́kítọ̀ máa fajú ro lọ. Òfin yìí wà lára ohun tó fà á tí ọmọ mẹ́ta sí mẹ́rin fi máa ń pín ipa kan ṣe. Nígbà tí eré olórin Billy Elliot bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2005, ọmọkùnrin mẹ́ta ló ń ṣe Billy. Tom Holland táyé wá mọ̀ sí Spider-Man dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2008, ọ̀rẹ́ Billy ló kọ́kọ́ ṣe ná, oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó gbé Billy fún un.

Tí ọmọ bá dàgbà, àwọn kan máa ń lọ iléèwé tíátà bíi RADA tàbí LAMDA, ọdún mẹ́ta gbáko, èrò tó ń wá síbẹ̀ sì pọ̀ ju àyè lọ. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ju kíkọ́ iṣẹ́ lọ: lọ́dún tó gbẹ̀yìn, wọ́n máa ń ṣe eré níwájú àwọn éjẹ́ǹtì, ìyẹn àwọn tó ń bá òṣèré wáṣẹ́. LAMDA ni David Oyelowo ti jáde ní 1998, nígbà tó fi máa di ọdún 2000 ó ti ń ṣe Ọba Henry Kẹfà ní Royal Shakespeare Company, ẹgbẹ́ tíátà ńlá kan, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣe ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀.

Éjẹ́ǹtì ṣe wá pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé iṣẹ́ tó dáa kì í sábà jáde síta. Ẹni tí wọ́n ń pè ní casting director, ìyẹn ẹni tó ń bá dáírẹ́kítọ̀ wá òṣèré, ló máa fi irú ẹni tó ń wá ráńṣẹ́ sáwọn éjẹ́ǹtì, lórí Spotlight lọ́pọ̀ ìgbà, ìkànnì tí orúkọ àti fọ́tò àwọn òṣèré wà, èyí tó ti wà láti 1927 nígbà tó ṣì jẹ́ ìwé tí wọ́n ń to fọ́tò òṣèré sí. Éjẹ́ǹtì á yọ nǹkan bíi 10 sí 15 nínú 100 lórí owó tó bá wọlé. Àwọn kan á ní ó pọ̀, àmọ́ ẹni tí ò ní éjẹ́ǹtì dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ògiri ilé ìnáwó, ó ń gbọ́ ìlù, kò mọ ibi tí wọ́n gbà wọlé.

Níbí ni ìtàgé ti wúlò jù. Àwọn casting director yẹn kì í jókòó sílé lálẹ́, tíátà ni wọ́n ń lọ, kì í sì í ṣe àwọn ńlá nìkan. Yàrá kan lókè ilé ọtí ni Bush Theatre ti bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Ní 2009, Tricycle ní Kilburn ni Boyega wà, tó ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní Category B. Nínú òkùnkùn irú àwọn ibẹ̀ yẹn ni ẹnì kan á ti rọra kọ orúkọ ọmọ kan sínú ìwé, ọmọ ọ̀hún ò sì ní mọ̀.

Ìpè tó máa tẹ̀ lé e lè má ju pé kó fi fídíò ibi tó ti ń dán ipa náà wò ránṣẹ́ lọ. Inú yàrá ẹ̀ náà ló ti máa ṣe é: ògiri tí ò ní nǹkan kan lára, fóònù tó dùbúlẹ̀ ní ìbú lórí ìwé tí wọ́n tò jọ, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ojú ẹni yẹn ni òṣèré máa wò, kì í ṣe lẹ́ńsì. Ẹni tó ti mọ́ lára láti sọ̀rọ̀ kó dé etí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ wá fa gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn báyìí, torí kámẹ́rà ń rí i tó bá gbé itọ́ mì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òṣèré ìtàgé ti ń kùnà, wọ́n á máa pariwo mọ́ fóònù.

Ẹni tó bá yege á padà lọ dán ipa náà wò níwájú wọn, á tún padà lọ. Oṣù méje ni Boyega ní òun fi ṣe ọ́díṣọ̀n fún Star Wars kí wọ́n tó kéde orúkọ ẹ̀ ní 2014. Fíìmù yẹn jáde ní ìparí 2015, ó gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA tí wọ́n ń fún òṣèré tó ń gòkè bọ̀ ní 2016, nígbà tó sì máa fi di 2017 ó ti padà sórí ìtàgé ní Old Vic, tó ń ṣe Woyzeck lálaalẹ́.