Ẹ Ka Ìsopọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Ra Sáfà Tuntun

Bí ìkànnì yín bá ń falẹ̀ lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, ẹ má tíì náwó sórí sáfà ńlá. Lórí ìkànnì tí a fi Django (irinṣẹ́ Python tí a fi ń kọ́ ìkànnì) kọ́, tí dátà rẹ̀ wà nínú PostgreSQL (database tó ń tọ́jú dátà), ìsopọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

PostgreSQL kì í gba gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yí ètò rẹ̀ padà, ìsopọ̀ 100 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú mẹ́mọ́rì. Tó bá ti kún, ẹni tó dé lẹ́yìn á bá «sorry, too many clients already» pàdé.

Django ní tirẹ̀ máa ń ṣí ìsopọ̀ tuntun fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan bá béèrè, tó bá dáhùn tán, á pa á dé. Ṣíṣí yẹn ń gba àkókò. Ẹ fi CONN_MAX_AGE, ètò Django tó ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìsopọ̀ lè fi wà ní ṣíṣí, sí 60, kí ìsopọ̀ kan lè sìn fún ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: sáfà 4 tí worker 30 (àwọn ẹ̀dà Django tó ń dá èrò lóhùn) wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè di ìsopọ̀ 120 mú. Ẹ dín worker kù, tàbí kí ẹ fi PgBouncer, tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ worker pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò, sáàárín.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni ìbéèrè tí kóòdù ń fi ránṣẹ́ sí database, tí kò yẹ kó wáyé rárá. Ẹ fẹ́ to ìwé 50 pẹ̀lú orúkọ àwọn tó kọ wọ́n. Bí kóòdù yín bá ń padà lọ wá òǹkọ̀wé fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 51 lẹ fi ránṣẹ́: ọ̀kan fún àwọn ìwé, 50 fún àwọn òǹkọ̀wé. Tí ẹ bá fi select_related, àṣẹ Django tó ń mú ìwé àti òǹkọ̀wé wá pọ̀, kún un, ẹyọ kan ṣoṣo ti tó. Àwọn ìkànnì kéékèèké kì í mọ̀, torí pé pẹ̀lú ìwé márùn-ún, ó ń yára.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo pg_stat_activity, àtẹ tí PostgreSQL fi ń fi ohun tí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe hàn, nígbà tí èrò bá pọ̀. Ìsopọ̀ tí wọ́n kọ «idle in transaction» sí lára ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì parí rẹ̀, ó kàn jókòó ti àyè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló fi ìmeèlì tàbí ìsanwó báǹkì sínú transaction.atomic (ibi tí Django ti ń so àwọn iṣẹ́ database pọ̀, kí gbogbo wọn yọrí tàbí kí ọ̀kankan má yọrí), tí database wá ń dúró de báǹkì. Ẹ kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ pamọ́, kí ẹ jáde nínú atomic, kí ẹ tó kàn sí báǹkì.