Ta ní í ra orúkọ gbájúẹ̀? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Fyre Festival

Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ta orúkọ Fyre Festival, àríyá kan tó tú ká kó tó bẹ̀rẹ̀, ní 245,300 dọ́là lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti ń bi wá pé ṣé owó ń ya wèrè ni.

Àríyá wo nìyẹn?
Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, oníṣòwò Billy McFarland àti olórin Ja Rule pe àwọn ọmọ olówó sí erékùṣù Great Exuma ní Bahamas. Wọ́n ṣèlérí ilé ìgbafẹ́ etí òkun àti oúnjẹ àwọn alásè ńlá. Àgọ́ tí wọ́n ń pa fún àwọn tí ìjì wó ilé wọn ni àwọn àlejò bá níbẹ̀, òjò sì ti rin ibùsùn gbingbin. Fọ́tò oúnjẹ tó káríayé: búrẹ́dì, wàràkàṣì pẹlẹbẹ, ewé díẹ̀, nínú ike funfun. Ní 2018, wọ́n rán McFarland lẹ́wọ̀n ọdún 6 nítorí jìbìtì.

Ta ló wá ra orúkọ náà?
LimeWire. Ẹ rántí ibi tí a ti ń gba orin lọ́fẹ̀ẹ́ láyé ọjọ́un? Àwọn tó ń jẹ́ LimeWire báyìí náà, ríra ni wọ́n ra orúkọ LimeWire fúnra rẹ̀.

Kí ló sọ ọ́ di olówó iyebíye?
Dọkumẹ́ńtárì méjì tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Hulu, ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Netflix, gbé tiẹ̀ jáde ní ọjọ́ 14, Netflix gbé tiẹ̀ jáde ní ọjọ́ 18. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Hulu sanwó fún McFarland kó tó wá jókòó sọ̀rọ̀. Netflix ní tiẹ̀ bá Jerry Media ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó polówó àríyá náà gan-an! Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ lẹ ò wò. Ká tó rí ẹni tó máa tú àṣírí gbájúẹ̀ fún wa, ẹni tó jẹ níbẹ̀ la bá.

Kí ló dé tí a ò lè gbójú kúrò?
Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ kánópì rí, tí wọ́n ń sọ lórí maikirofóònù pé oúnjẹ ń bọ̀, tó ń gbọ́ ariwo àwọn alásè lẹ́yìnkùlé, mọ ìdáhùn. Àwọn fíìmù yìí mú wa dé ẹ̀yìnkùlé. Ká má parọ́, ìyà ọmọ olówó náà pa wá lẹ́rìn-ín.

Àmọ́ àwọn ará Bahamas tó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni ìyà jẹ jù. Obìnrin onílé oúnjẹ kan sọ pé òun kó nǹkan bíi 50,000 dọ́là owó ìpamọ́ òun sí i. Àwọn tó wo fíìmù ló dáwó fún un lẹ́yìn náà, ó lé ní 200,000.

Ṣé kí n máa bẹ̀rù tíkẹ́ẹ̀tì ni?
Ẹ wo ohun tí ìpolówó ò fi hàn. Ti Fyre fi ọmọge hàn nínú omi, ó fi ẹlẹ́dẹ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ hàn. Kò fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn.

Fyre kejì ńkọ́?
Wọ́n kéde rẹ̀ fún Mexico ní 2025, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, ni wọ́n bá sún un síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé orúkọ lọ sórí eBay.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó wà nídìí dọkumẹ́ńtárì tí mo ń wò?
Ẹ ka orúkọ tó ń sáré kọjá nígbà tó bá parí. Netflix á fẹ́ gbé fíìmù míì sí i kíákíá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà. Jerry Media wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò fi í pamọ́.