Báàgì kánfáàsì tó nípọn ni mo rà, kí ló dé tó fi tètè já?

Báàgì ni mo ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró báyìí, tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gun òkè ní Ògìdì, tí àwọn mìíràn ń múra Àbújá tàbí Èkó, báàgì àgbékẹ́yìn tó ti já ló máa ń kún iwájú mi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. Mo kó o jọ síbí, nítorí ó máa ń dùn mí bí ọmọ bá fi owó tó tù jọ ra ohun tí kò ní bá a dé Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀gbọ́n, aṣọ báàgì mi le bí awọ. Kí ló dé tí okùn èjìká rẹ̀ já nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e?

Aṣọ kọ́ ló já. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ ó rí i pé aṣọ wà pérépéré. Ojú rírán ló tú.

Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọkùnrin kan ló gbé e wá láti ìlú Ìyàrà. Mo ka ojú abẹ́rẹ́ tó mú okùn èjìká ọ̀tún: méje péré, lórí ìlà kan ṣoṣo, òwú tí télọ̀ fi ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì lò. Ojú méje yìí ni wọ́n ní kó gbé omi, bàtà, aṣọ àti oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá gbé ẹsẹ̀, ẹrù á fà á. Kò sí bí kò ṣe ní tú.

Èyí tí wọ́n rán dáadáa, ẹnu okùn náà kì í wà lórí aṣọ lásán. Wọ́n á tì í bọ àárín ìṣẹ́po aṣọ méjì, wọ́n á rán an yí ká bí àpótí, wọ́n á tún fa ìlà méjì kọjá ara wọn láàrin rẹ̀ bí àgbélébùú. Níbòmíràn, wọ́n á fi ẹ̀rọ rán an lọ rán an bọ̀ lójú kan títí tí òwú á fi dì. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan aṣọ rárá. Kí òwú rẹ̀ sì jẹ́ pọ́líẹ́sítà, torí òwú kọ́tìnnì máa ń jẹrà bí òjò àti òógùn bá ń wọ̀ ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ aṣọ tó dára, tí mi ò bá mọ̀ nípa aṣọ?

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò mọ̀ nípa aṣọ kò pọ̀. Ìyá mi hun aṣọ ní Ògìdì lórí òfì tó dúró lóòró, bí àwọn obìnrin Ìjùmú àti Bùnú ṣe ń ṣe é. Kì í wo bí aṣọ ṣe nípọn tó. Á gbé e sójú oòrùn, á wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàrin òwú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kánfáàsì, aṣọ kọ́tìnnì tó nípọn yìí. Òwú tó gba òró àti èyí tó gba ìbú ni wọ́n fi hun ún, ọ̀kan sókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nínú èyí tó dára gan-an, òwú méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ di ẹyọ kan kí wọ́n tó hun ún, wọ́n á sì fún un pọ̀ débi pé abẹ́rẹ́ á ṣòroó gún.

Ẹ fi èékánná ha ara aṣọ náà. Bí ìyẹ̀fun funfun bá ń bọ́, sítáṣì ni wọ́n fi mú un le. Yóò rọ̀ bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń tan àwọn tó ń ra ọjà nìyẹn.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ńkọ́? 12 oz, 16 oz, nọ́ńbà 10?

Áúnsì ni oz. Ìwọ̀n yáàdì kan níbùú lóròó ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá kọ 16, yáàdì náà wọn áúnsì 16, ìyẹn pọ́n-ùn kan. Tó bá jẹ́ gíráàmù fún mítà kan níbùú lóròó ni wọ́n kọ, 12 oz sún mọ́ 400, 16 oz sì sún mọ́ 540. Fún báàgì ìrìnàjò, 12 sí 18 ló bójú mu.

Nọ́ńbà lásán ló ń da orí èèyàn rú, nítorí ó ń lọ sẹ́yìn: nọ́ńbà 12 jẹ́ áúnsì 11 àtààbọ̀, nọ́ńbà 10 sún mọ́ 15, nọ́ńbà 8 jẹ́ 18. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni aṣọ ṣe wúwo sí.

Bí òjò bá ká mi mọ́ orí òkè, ṣé omi ò ní wọlé?

Òwú máa ń wú tí omi bá kàn án. Bó ṣe ń wú ni ihò àárín ìhun á máa dí, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kánfáàsì tí wọ́n hun fún pọ̀ fi ń fara da òjò wẹ́wẹ́. Kọ́tìnnì tún ní ìwà kan tó yani lẹ́nu: ó máa ń lágbára sí i bó bá tutù, nígbà tí agbára aṣọ náílọ́ọ̀nù máa ń dínkù díẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ fún wákàtí kan á wọlé, báàgì náà á sì wúwo. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi ìda pa, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá lọ́ aṣọ yín pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé kí n kúkú ra báàgì aṣọ náílọ́ọ̀nù?

Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rà á. Ó fúyẹ́, ó sì ń tètè gbẹ, n kò ní torí iṣẹ́ mi purọ́ fún yín. Ibi tí kánfáàsì ti borí ni bí ó ṣe ń fara da ìgbóná àti ohun tó ń ha á lára: ìdí bọ́ọ̀sì, orí àpáta, ẹ̀ta iná tó ta sí i lẹ́bàá ààrò. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo á yọ́ náílọ́ọ̀nù di ihò, kánfáàsì á kàn dúdú níbẹ̀. Ó tún rọrùn láti lẹ̀. Èmi lè lẹ kánfáàsì kí ẹ má mọ ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́.

Síìpù àti ìdí báàgì?

Kí síìpù rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 8 tàbí 10, nọ́ńbà 5 kéré jù fún ẹnu báàgì ńlá. Bí irin bá wà lára rẹ̀, kó jẹ́ idẹ, kó má bàa dípẹtà. Kí aṣọ ìdí rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́po méjì, torí ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ báàgì.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Lítà 20 sí 30 tó fún ẹni tó fẹ́ lọ gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja kó sì bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, 35 sí 40. Ẹ gbé e kọ́ èjìká kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ẹrù sí i nínú, kì í ṣe òfìfo. Bí ó bá ní ìgbànú, orí egungun ìbàdí ni kó jókòó sí, ibẹ̀ ló yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù, kì í ṣe èjìká.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Má ṣe ká a pa mọ́ nígbà tó bá ṣì tutù. Ọjọ́ bíi mélòó kan lásìkò òjò ti tó kó bẹ̀rẹ̀ sí í bu, àmì dúdú wẹ́wẹ́ tó bá sì yọ lára rẹ̀, òwú ni ó ń jẹ. Búrọ́ọ̀ṣì àti omi tútù ni kí ẹ fi fọ èyí tó ní ìda lára, ẹ má fi ọṣẹ sí i, ẹ má sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ òjìji.

Tí ìda rẹ̀ bá ti ń tán, omi kò ní máa ṣù lójú rẹ̀ mọ́, ṣe ni yóò máa tàn ká. Ẹ yọ́ ìda oyin àti àbẹ́là funfun pọ̀ sínú agolo tó jókòó nínú omi gbígbóná, kì í ṣe lórí iná tààrà. Ẹ jẹ́ kó dì, ẹ fi ha ara báàgì náà bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé, kí ẹ wá fi dráyà àwọn onídìrí fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí yóò fi wọnú aṣọ. Ojú rírán ni kí ẹ fi púpọ̀ sí, torí ihò abẹ́rẹ́ ni òjò ń kọ́kọ́ gbà wọlé.