Géèmù Tó Kúrò Lórí Àtẹ Tí Kò Kúrò Nínú Fóònù: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn

Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Activision yọ géèmù ìbọn wọn kan, Call of Duty: Warzone Mobile, kúrò lórí Play Store àti App Store. Wọ́n ní ẹni tó ti gbé e sórí fóònù ṣáájú ọjọ́ náà ṣì lè máa gbá a, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì gbé e kò ní rí i gbé mọ́, kò sì sí ohun tuntun kankan tí yóò tún wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wá bá mi láti Kàbà, Mopà, Ìsánlú àti Ìyàrá ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí nípa géèmù, àwọn òbí ń bi mí nípa àwọn ọ̀dọ́. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí.

Irú géèmù wo tiẹ̀ ni?

Géèmù ogun tó jẹ́ pé ojú ara rẹ lo fi ń rí ogun náà: ọwọ́ rẹ àti ìbọn rẹ nìkan lò ń rí níwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ jọ ń jà kì í ṣe ère tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ènìyàn gidi ni wọ́n, oníkálukú wà ní ìlú tirẹ̀ pẹ̀lú fóònù tirẹ̀.

Ṣé Call of Duty tí gbogbo wa ń gbá ni wọ́n pa?

Rárá o. Géèmù méjì ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má dà wọ́n pọ̀. Call of Duty: Mobile ti wà láti 1 oṣù Kẹwàá 2019, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa ń pè ní COD, kò sì sí ohun tí ìkéde yìí ṣe fún un. Warzone Mobile ni èyí tó dé ní 21 oṣù Kẹta 2024, tó wúwo, tí kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù tí kò lágbára. Ọmọkùnrin kan ní Kàbà gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì yára pa èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn rẹ́, ó ní kí òun fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Dátà tó fi gbé e padà, owó oúnjẹ ọjọ́ kan ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́?

Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn tó ń gbá géèmù lórí fóònù kò tẹ́wọ́ gbà á bí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà àti kọ́ńsólù (ẹ̀rọ géèmù bíi PlayStation) ṣe tẹ́wọ́ gba Warzone tiwọn.

Géèmù ti wà nínú fóònù mi. Báwo ni ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ṣe lè pa á?

Ohun tó wà nínú fóònù rẹ kì í ṣe gbogbo géèmù náà. Àwòrán àti ìró ni: ilé, igbó, ìbọn, aṣọ. Ogun náà gan-an ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí à ń pè ní sáfà, tó wà níbi tó jìnnà. Bí o bá tẹ bọ́tìnì pé kí ìbọn dún, fóònù rẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló rán sí sáfà pé o dojú kọ ibí, o yìnbọn. Sáfà ló máa wò ó bóyá ọta bà, òun ló máa ṣírò ẹ̀mí tó kù lára ọ̀tá rẹ, òun ló sì máa kéde rẹ̀ fún gbogbo yín. Iṣẹ́ rẹfirí ló ń ṣe. Agbábọ́ọ̀lù lè pariwo gólì títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí rẹfirí kò bá ti fun fèrè, kò sí gólì. Bó bá sì jẹ́ fóònù oníkálukú ló ń dájọ́, ẹni tó bá mọ bí a ti ń tú inú fóònù á kàn ní kí tòun máa sọ pé gbogbo ọta òun ló bà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi nìyí: àtẹ ọjà ọ̀tọ̀, sáfà ọ̀tọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 18 yẹn ni pé wọ́n kó ọjà kúrò lórí àtẹ, wọn kò paná sáfà lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n tó ti gbé e tẹ́lẹ̀ fi ń gbá a nígbà náà tí àbúrò kò sì rí i gbé. Ọjọ́ tí wọ́n bá paná sáfà, àwòrán lásán ló máa kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn. Apex Legends Mobile jáde ní 17 oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n tì í pa ní 1 oṣù Karùn-ún 2023, kò pé ọdún kan. Concord ti Sony, tó jẹ́ ti kọ́ńsólù àti kọ̀ǹpútà, lo ọ̀sẹ̀ méjì péré, láti 23 oṣù Kẹjọ sí 6 oṣù Kẹsàn-án 2024.

Mo ti sá sẹ́yìn ògiri, ọta rẹ̀ tún bà mí. Ṣé ojóró kọ́ nìyẹn?

Èyí ni wọ́n bi mí jù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ká ní o wà ní Kàbà, ọ̀tá rẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, sáfà náà sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkókò tí iṣẹ́ fi ń lọ tó fi ń bọ̀ láàárín fóònù àti sáfà ni wọ́n ń pè ní ping, nọ́ńbà kékeré tó máa ń wà ní igun ojú fóònù. Mìlísẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń kà á, 1,000 rẹ̀ ló jẹ́ sẹ́kọ́ńdì kan. Ká ní tìrẹ jẹ́ 160, tiẹ̀ jẹ́ 20. O sá wọ ẹ̀yìn ògiri. Iṣẹ́ náà gba 80 kó tó dé sáfà, ó tún gba 10 kó tó dé ojú ọ̀tá rẹ. Lójú tiẹ̀, o ṣì wà ní gbangba. Ó yìnbọn, iṣẹ́ tiẹ̀ náà gba 10 dé sáfà. Sáfà mọ̀ pé ohun tí ọkùnrin náà rí ti pẹ́ díẹ̀, nítorí náà ó dá ogun náà padà sẹ́yìn sí bó ṣe rí lójú ẹni tó yìnbọn, ó wo ibi tí o wà nígbà náà, ó sì rí i pé ọta bà ọ́. Ó tún gba 80 kí ìròyìn ikú rẹ tó dé Kàbà. Bí o bá ro wọ́n pọ̀, 180 ni. Ẹni tó ń sá mítà 6 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan á ti rìn ju mítà kan lọ kí 180 yẹn tó pé. Mítà kan yẹn ló gbé ọ dé ẹ̀yìn ògiri tí o kú sí.

Kò sí ẹni tó ṣe ojóró. Àwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí ló pinnu pé ẹni tó fi ìbọn lé ọ̀tá lójú ara rẹ̀ ni kí sáfà dá láre. Yahn Bernier ti Valve, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù, kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2001. Ẹ má rò pé àwa tí a jìnnà ni wọ́n fi ìpinnu yẹn rẹ́ jẹ. Bí kò bá sí i, ọmọ Kàbà tí ping rẹ̀ jẹ́ 160 kò ní lè yìnbọn sí ibi tó ti rí ọ̀tá. Ibi tí ọ̀tá kò tíì dé ni yóò máa yìnbọn sí, kó tó lè bà á.

Àtúnṣe kejì ti pẹ́ jù ìyẹn lọ. Láyé àtijọ́, bí o bá tẹ ìrìn, wàá dúró de sáfà kí ẹsẹ̀ rẹ tó gbéra. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, John Carmack, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe géèmù ìbọn Quake, gbé QuakeWorld jáde, ẹ̀dà Quake fún gbígbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú èyí tí ẹ̀rọ tìrẹ ti máa gbé ọ rìn lójú ẹsẹ̀, tí sáfà á wá tún un ṣe bó bá yàtọ̀. Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, wàá ṣì máa rìn lọ geerege, lẹ́yìn náà wọ́n á fà ọ́ padà sẹ́yìn lójijì.

Bí mo bá ra dátà tó pọ̀, ṣé ping mi á wálẹ̀?

Kò ní wálẹ̀ nítorí ìyẹn. Dátà tó yára ń mú ọ̀nà fẹ̀, kò mú un kúrú. Bí wọ́n bá la ọ̀nà Kàbà sí Èkó kí ọkọ̀ mẹ́jọ lè rìn lẹ́ẹ̀kan, Èkó kò ní tìtorí ìyẹn sún mọ́ Kàbà. Inú okùn gíláàsì ni iṣẹ́ ń gbà, ìmọ́lẹ̀ sì ń rin bí 200,000 kìlómítà níbẹ̀ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Okùn abẹ́ òkun MainOne tó ti Èkó lọ sí Pọtogí gùn tó 7,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 14,000, ìyẹn 70 mìlísẹ́kọ́ńdì kí a tó ka ìrìn láti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kàbà dé Èkó. Kò sí owó tí o lè san tí yóò yọ 70 yẹn kúrò.

Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o yan sáfà tó sún mọ́ wa jù bí géèmù náà bá gbà ọ́ láyè, kí fóònù mìíràn má máa gbé fíìmù lórí hotspot kan náà, kí o sì dúró sí ibi tí 4G ti dúró ṣinṣin. Ping 170 tí kò yẹsẹ̀ sàn ju èyí tó ń fò láti 110 sí 400 lọ.

Mopà kò sí létí òkun. Kí ló kan wá bí okùn abẹ́ òkun bá já?

Ní 14 oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan. Báńkì pàápàá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà. Òpó tó wà lórí òkè níwájú ilé yín, Èkó ló ń gbé iṣẹ́ yín lọ, Èkó sì ń gbé e gba inú òkun.

Ṣé òun ló ń jẹ gbogbo dátà ọmọ mi?

Gbígbá rẹ̀ kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú géèmù yìí, ibi tí oníkálukú dúró sí àti ìbọn tó yìn ló ń rìn jù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe àwòrán, nítorí náà wákàtí kan kì í jẹ tó fíìmù ìṣẹ́jú díẹ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Gbígbé e sórí fóònù àti àwọn àtúnṣe rẹ̀ ló ń kó gígábáìtì lọ.

Ṣé kò wá sí olójòóró rárá?

Wọ́n wà. Àwọn kan ń lo ètò tó ń fi ìbọn lé orí ọ̀tá fún wọn. Àwọn kan ń lo èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n rí ènìyàn gba inú ògiri. Èkejì yìí nira láti dí. Sáfà ní láti sọ fún fóònù rẹ ibi tí ọ̀tá wà kó tó yọ láti ẹ̀yìn ilé, kó má baà hù lójijì bí iwin. Ẹni tó bá lè ka inú fóònù ara rẹ̀ á ti rí i ṣáájú. Valorant ti Riot Games, tó jáde lọ́dún 2020, gbìyànjú láti dí i: sáfà wọn kì í sọ ibi tí ọ̀tá wà àfi bó bá kù díẹ̀ kó yọ. Ṣùgbọ́n kí o tó pe ọmọ ìyá rẹ ní olójòóró, wo ping tìrẹ ná.

Mo ti náwó lórí aṣọ àti ìbọn inú rẹ̀. Ṣé wọ́n á dá a padà?

Ti Warzone Mobile, rárá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tó bá kó lọ sí Call of Duty: Mobile pẹ̀lú àkáǹtì kan náà, wọ́n ní àwọn á fún un ní ìlọ́po méjì CP (owó inú géèmù) tó ṣẹ́kù fún un, ṣùgbọ́n gbèdéke tí wọ́n fi sí i ti kọjá. Sony dá owó Concord padà fún àwọn tó rà á. Àwọn tó ni Apex Legends Mobile kò dá kọ́bọ̀ padà. Ó dùn mí, torí mo mọ àwọn tó fi owó iṣẹ́ oko ra CP. Ohun tí à ń rà nínú géèmù wọ̀nyí, àyè láti lò ó ni, a kò ra nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025 pé kí olùtajà sọ ọ́ gbangba fún oníbàárà. Lọ́dọ̀ wa ńbí, ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà káàdì ATM yín máa sùn sínú fóònù ọmọ.

Ẹnì kan ní òun ní fáìlì APK rẹ̀, èyí tí à ń fi gbé géèmù sórí Android láìgba Play Store, òun á fi ránṣẹ́ sí mi.

Má gbà á. Ọjà tó ti kúrò lórí àtẹ ni ayédèrú rẹ̀ ń yá tà, fóònù tí o sì fẹ́ gbé e sí náà lo fi ń wọ báńkì.

Ṣé kò ní sọ ọmọ mi di oníwà ipá?

Ìyá kan ní Ìsánlú ló béèrè, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Andrew Przybylski àti Netta Weinstein ṣèwádìí nípa bí 1,000 ọmọ ọdún 14 àti 15 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e jáde ní 2019: wọn kò rí i pé gbígbá géèmù oníwà ipá ló ń mú ọmọ máa bínú lu ẹlòmíràn. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà ní ìbátan díẹ̀ wà pẹ̀lú ìbínú kékeré bíi pípariwo àti títi ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó tó láti di ẹ̀bi ìwà ipá gidi rù ú. Èmi náà kì í fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá gbá a. Àwọn Call of Duty ńlá, ẹni ọdún 17 sókè ni wọ́n kọ sí i ní Amẹ́ríkà. Ìyá mi, ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú géèmù náà ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn yín.

Ọmọ mi ń bá ẹni tí kò rí rí sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ kan, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń jà máa ń fi ẹnu darí ara wọn, òótọ́ ni pé ó wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀ àti ní Bùnú, a mọ ohun tí ajínigbé ti fi ojú wa rí. Ọmọ tó bá ń sọ fún àlejò pé, “ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kánádà, Dádì ń bọ̀ láti Àbújá ní Fúráìdè,” ti sọ̀rọ̀ jù. Ẹ sọ fún un kí orúkọ ìlú, ilé ẹ̀kọ́, ìrìnàjò àti ará òkè òkun má ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, kí orúkọ tó ń lò nínú géèmù má sì jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an. Nínú ètò géèmù náà, ẹ lè pa gbohùngbohùn, tàbí kí ẹ ṣe é kó jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ tó mọ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kúrò nínú géèmù wá sórí WhatsApp, kí ọmọ náà dí i lójú ẹsẹ̀, kó sì wá sọ fún yín. Ẹ má nà án nítorí pé ó sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní sọ èyí tó kàn.

Ìró ìbọn inú fóònù náà ń já wa láyà lóru ńkọ́?

Lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́, kó fi ẹ́yàpíìsì sétí, kó sì pa ìsọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Aládùúgbò tó ti gbọ́ ìbọn gidi rí kò ní dúró béèrè bóyá inú fóònù ló ti wá kó tó máa sá.